Alùpùpù Ńlá Kì í Ṣe Ẹgbẹ́ Ọ̀kadà

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ní Ẹdẹ ló mọ ọ̀kadà gùn, èmi náà sì wà lára wọn. Ẹni tó bá ti gun Bajaj láti Òkè-Gàdá dé Àkọ́dà fún ọdún mélòó kan a máa rò pé kò sí ohun onítáyà méjì tí apá òun kò ká. Ẹ gbọ́ ná: ọ̀kadà kékeré fi díẹ̀ ju àpò sìmẹ́ńtì méjì lọ. Èyí tí mo rà, irú èyí tí wọ́n fi ń rin ìrìn àjò jíjìn, tó àpò márùn-ún. Gold Wing tí ilé iṣẹ́ Honda ń ṣe ju àpò méje lọ! Ta ni yóò fi ẹsẹ̀ kan gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ dúró lórí yanrìn?

Ìyàwó mi ló fi òté lé ọ̀rọ̀ náà. Ó ní òun kò ní jókòó sẹ́yìn mi títí òun yóò fi rí i pé mo yí i po lójú ọ̀nà láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀. Inú kọ́kọ́ bí mi, ṣùgbọ́n ó gbọ́n jù mí lọ nínú ọ̀ràn yìí, nítorí pé ìgbà tí alùpùpù ńlá bá ń sáré kọ́ ni ó ń wúwo. Bí ó bá ti ń sáré, fúnra rẹ̀ ni yóò dúró ṣánṣán. Ìgbà tí ó bá ń rọra rìn ni ó ń di òkè.

Àgbàlagbà kan tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ ló mú mi lọ sí pápá iléèwé ní àwọn ọjọ́ Sátidé. Ó to agolo mílíìkì sílẹ̀, ó ní kí n máa gba àárín wọn bí ẹni ń fẹsẹ̀ rìn. Klọ́ọ̀ṣì ni gbogbo àṣírí rẹ̀. Ẹ má tú u sílẹ̀ tán, ẹ má sì fà á tán. Ibì kan wà láàárín tí táyà ti ń fà díẹ̀. Ẹ fi í síbẹ̀, ẹ fún ẹ́ńjìnì níná díẹ̀, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún sì máa tẹ bíréèkì ẹ̀yìn fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ gbé ojú sókè! Ibi tí ẹ bá ń wò ni ó ń lọ. Ẹni tó tẹjú mọ́ kòtò yóò wọ kòtò.

Àwọn ọlọ́kadà wa a máa sá fún bíréèkì iwájú bí ẹni sá fún ejò. Bẹ́ẹ̀, lórí títì gbígbẹ, òun ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, nítorí bí a bá ti ń dúró, gbogbo ìwúwo á rọ́ síwájú. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fà á, ẹ má ṣe já a lójijì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń rọra yí po, ti ẹ̀yìn nìkan ni kí ẹ lò, torí ti iwájú lè dà yín nù lójú ẹsẹ̀.

Bí ó bá wó, ẹ jẹ́ kí ó wó. Ẹ má fi itan gbà á. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, kí ìdí yín kan ìjókòó rẹ̀, ẹ di irin rẹ̀ mú, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ tì í dìde, kì í ṣe ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìyàwó mi gùn ún, a sì lọ sí Gbọ̀ngán. Mo ti kọ́ ọ kí ó máa sọ̀rọ̀ kí ó tó gùn, kí ó sì tó sọ̀ kalẹ̀, nítorí pé ẹni ẹ̀yìn tó bá fò láìsọ lè dà yín sílẹ̀ nígbà tí alùpùpù dúró jẹ́ẹ́.

Ọ̀nà Gbọ̀ngán kò jìn rárá. Ní April 19, 2022, Kúnlé Adéyanjú gbéra láti London lórí alùpùpù, ó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, ó sì wọ Èkó ní May 29, láti kówó jọ fún ìjà tí ẹgbẹ́ Rotary ń bá àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà.

Ó ku àṣíborí. Ní January 2009, nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fi dandan lé e, àwọn ọlọ́kadà kan de igbá mọ́rí, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà! Ẹ ra èyí tó bá orí yín mu, tí okùn rẹ̀ sì ń dè. Èyí tó bá ti forí gba ìjàǹbá, ẹ má tún dé e mọ́, bí ó tilẹ̀ ń dán: ibi tó ti sán nínú lè má hàn sójú.