Ọjà Tí Kò Ṣeé Gbé Sórí Àtẹ: Nípa Àwọn Ọmọ Wa Tó Fẹ́ Máa Fi Àwòrán Ṣíìpù Ṣòwò

Ọ̀rẹ́ wa kan, tí a jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, mú ọmọkùnrin rẹ̀ wá sí ilé wa ní Bódìjà ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn. Ọ̀rẹ́ wa ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, owó gírátúítì rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lẹ́yìn tí ó ti retí rẹ̀ títí. Ọmọ náà kẹ́kọ̀ọ́ jáde nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ti gba yàrá kan ní Àgbowó, wọ́n fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń bẹ bàbá pé kí ó fi nínú owó náà ràn wọ́n lọ́wọ́. Bàbá béèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ náà yóò máa tà. Ọmọ dáhùn pé àwòrán ni. Bàbá béèrè ibi tí wọn yóò kó ọjà náà sí. Ọmọ ní kò sí ọjà kankan tí ẹnikẹ́ni yóò kó. Ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ bá wọn wá. Ó wà nílé, ó ń sunkún. Ohun tí ó gbà gbọ́ ni pé ọ̀dọ́ tó bá ń jókòó ti kọ̀ǹpútà mọ́jú ní Àgbowó, yàhúù ni ó ń ṣe.

"Àlùfáà, ẹ bá mi bi í léèrè dáadáa," ni ọ̀rẹ́ wa wí.

Kí a sọ òótọ́, a kò mọ ohun tí a ó bi í. Ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà tí a lọ kọ́ wa ní Hébérù àti Gíríìkì, kò kọ́ wa ní ṣíìpù. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí a rí kọ́ nínú ọ̀sẹ̀ méjì náà, àti ohun tí a ti kọ́ kún un láti ìgbà náà wá, ni a kọ síhìn-ín, nítorí a mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rẹ́ wa nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti ká mọ́lé.

Àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì kẹrin ní àwọn ọdún 1970 yóò rántí ọjọ́ tí olùkọ́ wa ní físíìsì tú rédíò palẹ̀ lórí tábìlì, tí ó sì fi nǹkan kékeré kan tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta hàn wá. Tíránsísítọ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà ni a ti kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1947. Ó dà bí ilẹ̀kùn tí iná ń gbà kọjá: iná kékeré ni ó ń ṣí i, iná kékeré náà ni ó ń tì í. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó wà nínú rédíò ọjọ́ náà. Nínú fóònù tí ẹ mú dání wá síbi ayẹyẹ yìí, bílíọ̀nù mélòó kan irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ni ó wà lórí ègé sílíkónì kan ṣoṣo tí kò tóbi ju èékánná lọ. Ègé náà ni à ń pè ní ṣíìpù. Kò sí ọwọ́ ènìyàn tó lè to irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ ni a fi ń tẹ̀ ẹ́ sórí sílíkónì, bí ìgbà tí a bá ń tẹ fọ́tò, nítorí náà a ní láti kọ́kọ́ yà á pátápátá kí a tó tẹ̀ ẹ́.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti pín sí méjì. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ya àwòrán, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó kọ́ ilé. Àwọn àgbà inú wa mọ bí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn ṣe kọ́ àwọn ilé Bódìjà ní ìparí àwọn ọdún 1950: a kò ya àwòrán tuntun fún ilé kọ̀ọ̀kan. Àwòrán kan ni a lò fún ọ̀pọ̀ ilé, ẹni tó ya á kò sì gbé bíríkì kan. (Àwa oníwàásù mọ irú ìyàtọ̀ yìí láti inú ìwé Ẹ́kísódù. Lórí òkè ni a ti fi àpẹẹrẹ àgọ́ han Mósè, Bésálẹ́lì ni ó sì fi ọwọ́ ṣe é.) Láyé àtijọ́, ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó máa ń ya ṣíìpù tí ó sì ń ṣe é. Ní ọdún 1987 ni Morris Chang dá TSMC sílẹ̀ ní Taiwan, tí ó sì sọ ọ́ di ilé-iṣẹ́ tí kò ní ya ṣíìpù tirẹ̀ rárá, àfi kí ó máa bá àwọn ẹlòmíràn ṣe èyí tí wọ́n yà. Ilé ìṣeṣíìpù ìgbàlódé kan ń ná àwọn tó kọ́ ọ ju bílíọ̀nù 10 dọ́là lọ. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta ní Àgbowó kò lè lá àlá rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Chang ti ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀, ẹni tó ní ọpọlọ, kọ̀ǹpútà àti sùúrù lè jókòó síbikíbi kí ó ya ṣíìpù.

Àwọn kan tún wá ya èyí náà sí méjì. Wọ́n ní àwọn kò ní ta ṣíìpù, àwòrán rẹ̀ nìkan ni àwọn yóò máa yá àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn lò. Ẹni tí a mọ̀ jù lọ nídìí èyí ni Arm ti ìlú Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Sophie Wilson àti Steve Furber ti ya ọpọlọ kọ̀ǹpútà kékeré kan fún ilé-iṣẹ́ Acorn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1985 ni ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1990, Acorn, Apple àti VLSI Technology para pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ lórí àwòrán náà. Apple mú owó tó tó mílíọ̀nù kan àbọ̀ pọ́n-ùn wá. Acorn kò mú owó wá: àwòrán àti ẹnjiníà 12 ni ìpín tirẹ̀. Inú abà àtijọ́ kan ní abúlé Swaffham Bulbeck ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, Robin Saxby sì ni olórí wọn. Nígbà tí a ka ìyẹn fún ọ̀rẹ́ wa, ó ní kí a tún un kà.

Arm kò ta ṣíìpù kankan nígbà náà. Ní ọdún 1993, Texas Instruments gba àṣẹ láti lo àwòrán wọn, ó sì ṣe ṣíìpù fún Nokia. Nokia 3310 tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi mọ fóònù lẹ́yìn tí GSM dé Nàìjíríà ní ọdún 2001, àwòrán Cambridge yìí ni ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ SoftBank ti Japan ra Arm ní ọdún 2016, nǹkan bí bílíọ̀nù 24 pọ́n-ùn ni ó san.

Ṣùgbọ́n ìtàn tó wú wa lórí jù lọ kò ti ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèkúnlé Olúkòtún, ọmọ Nàìjíríà tí a bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń kọ́ni ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1991. Ní àkókò náà, ohun tí gbogbo àwọn tó ń ya ṣíìpù ń lé ni bí ọpọlọ ẹ̀rọ kan ṣoṣo yóò ṣe máa sáré sí i. Bí ó sì ṣe ń sáré ni ó ń gbóná. Olúkòtún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé ní ọdún 1996 pé yóò sàn kí a tẹ ọpọlọ kékeré púpọ̀ sórí ṣíìpù kan. Ẹ fi ojú inú wo báńkì kan ní Dùgbẹ̀ ní òpin oṣù. Ẹ lè wá akáwó kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá bí ẹ̀fúùfù, kí gbogbo èrò tò sẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹni tó wà níwájú bá ń wá bírò tí yóò fi kọ fọ́ọ̀mù, akáwó yẹn yóò káwọ́ gbera, yóò máa wò ó. Tàbí kí ẹ fi akáwó mẹ́jọ tí ọwọ́ wọn mọ níwọ̀n síbẹ̀, kí oníbàárà mẹ́rin dúró níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá ń wá bírò, akáwó ti gbọ́ ti èkejì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé bí ṣíìpù tí wọ́n yà ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn.

Ní ọdún 2000, Olúkòtún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ láti sọ ìmọ̀ náà di ọjà. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Afara Websystems. Bẹ́ẹ̀ ni o, afárá tiwa yìí, èyí tí à ń gbà kọjá odò. (Ó wù wá láti rò pé afárá oyin náà wà níbẹ̀, nítorí yàrá kéékèèké tó tò síra wọn ni ṣíìpù náà, ṣùgbọ́n èrò tiwa lásán nìyẹn.) Kí Afara tó ta ṣíìpù kan, ilé-iṣẹ́ ńlá Sun Microsystems rà á ní ọdún 2002. Ohun tí Sun rà kò ju àwòrán àti àwọn tó ń yà á lọ. Ní ìparí ọdún 2005, àwòrán náà jáde gẹ́gẹ́ bí ṣíìpù tí wọ́n ń pè ní Niagara: ọpọlọ 8, iṣẹ́ 32 lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 2006, Sun gbé àwòrán rẹ̀ síta lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀. Ọmọ ọ̀rẹ́ wa ti kà á. Inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni ó wà, ó sì ṣí i hàn wá, òǹkà àti ọ̀rọ̀ lórí ìlà, ìlà lórí ìlà.

Báwo ni owó ṣe ń wọlé? Ọ̀nà mẹ́ta ni ó sábà máa ń gbà. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ lo àwòrán yóò san owó àkọ́san kí wọ́n tó fi àṣẹ lé e lọ́wọ́. Nígbà tí ó bá wá ń ta ṣíìpù, yóò máa san ìwọ̀nba owó kékeré lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí òǹkọ̀wé ṣe ń gbà lórí ìwé rẹ̀. Ó sì lè máa san owó ọdọọdún kí àwọn tó ya á lè máa ràn án lọ́wọ́. Àwòrán kò kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Àṣẹ ìlò ni a yá ẹlòmíràn, ìwé àdéhùn yóò sì sọ irú ọjà tí ó lè lò ó fún, iye ọdún, àti pé kò gbọdọ̀ fi fún ẹlòmíràn.

Ìwé àdéhùn yìí ni gbogbo òwò náà dúró lé. Ọmọ yìí ti jìyà rẹ̀ rí. Kí ó tó gba yàrá Àgbowó, ó ya àwòrán ẹ̀rọ kan tó ń ṣọ́ bátìrì ínfátà, ó sì lọ fi han oníṣòwò kan láìsí ìwé kankan láàárín wọn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nínú páálí ẹlòmíràn. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti ọdún 2022 wà ní ilẹ̀ wa, ti ìwé-àṣẹ oníhùmọ̀ ti ọdún 1970 wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n òfin kì í fọhùn fún ẹni tí kò ní ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, kí wọ́n kọ ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì fẹ́ràn ara wọn.

Ewu kejì ni àṣìṣe. Ẹni tó kọ sọ́fúwíà lè tún un ṣe lọ́la. Ṣíìpù tí a ti tẹ̀ kò ṣeé pa rẹ́. Ní ọdún 1994, Thomas Nicely, olùkọ́ ìṣirò ní Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí pé Pentium tí Intel ṣe ń ṣi ìṣirò pín ní àwọn ibì kan. Mílíọ̀nù 475 dọ́là ni Intel ní láti yà sọ́tọ̀ nítorí rẹ̀. Nítorí náà, yíyẹ àwòrán wò máa ń gba àkókò ju yíyà rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ náà kì í fi í sùn lóru: iná mànàmáná sábà máa ń dúró díẹ̀ lóru, kọ̀ǹpútà wọn a sì fi wákàtí púpọ̀ dán ẹyọ àwòrán kan wò.

Oníbàárà sì máa ń béèrè bóyá a ti fi àwòrán náà ṣe ṣíìpù rí. Láti ṣe ẹyọ kan dán wò, àwọn ẹlẹ́ni mélòó kan máa ń para pọ̀ tẹ iṣẹ́ wọn sórí àwo sílíkónì kan, kí wọ́n sì pín owó rẹ̀, bí ìdílé mẹ́wàá ṣe ń para pọ̀ ra màlúù kan nígbà Kérésìmesì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, Efabless, tó ń ṣètò irú àjọpín bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, pa ilẹ̀kùn dé, àwọn tí iṣẹ́ wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ní láti wá ọ̀nà mìíràn. Ohun tó mú ọ̀nà yá díẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ni pé àwọn ohun èlò ọ̀fẹ́ wà báyìí. RISC-V, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley ní ọdún 2010, jẹ́ èdè àṣẹ fún ọpọlọ ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni lè lò láìsan kọ́bọ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tí a dá, a sọ fún ọ̀rẹ́ wa pé iṣẹ́ náà kì í ṣe yàhúù, bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í ṣe òwò tí a ń fi owó oúnjẹ ọjọ́ ogbó dá. Láti ọjọ́ tí oníbàárà bá ti gba àṣẹ títí di ọjọ́ tí owó orí ẹyọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ọdún mélòó kan ni, nítorí òun náà ní láti parí ṣíìpù tirẹ̀ kí ó tà á. A gbà á nímọ̀ràn pé kí ó mú kìkì ohun tí kò ní dun ilé bí ó bá sọnù, kí ó sì gba ìpín sí i. Agbẹjọ́rò kan ní Ring Road ni ó kọ ìwé náà. Ìyá lọ sí Àgbowó fúnra rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ àmàlà mẹ́ta, ó jókòó ti àwọn ọmọ náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ó padà dé, ó ní ohun tí wọ́n ń ṣe kò yé òun, ṣùgbọ́n wọn kò yí kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí òun wọlé.

Ó ti ju ọdún kan lọ báyìí. Àwòrán bátìrì ni wọ́n tún ń yà, ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọn kò tíì gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kan ti fọwọ́ síwèé láti yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọ̀rẹ́ wa wọlé tọ̀ wá nínú yàrá ìmúra kí a tó bọ́ aṣọ ìsìn. Ó ní àṣìṣe mẹ́rin péré ló kù nínú àwòrán náà, mọ́kànlá ni ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye góòlù tí Shooting Stars jẹ.