Bí Iṣẹ́ Méjì Bá Pàdé: Bí A Ṣe Ń Tọrọ Ọjọ́ Láìba Orúkọ Jẹ́

 

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí ìbéèrè kan tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí léraléra. Ilé ìwé aládàáni kan ní Kabba ti fún ẹnì kan ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, wọ́n ní kó dáhùn kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Iṣẹ́ tó wù ú jù wà ní Lọ́kọ́jà. Ó ti lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbẹ̀, wọ́n ní kó máa retí àwọn. Kí ni kó sọ fún ilé ìwé náà? Ṣé kó dákẹ́ ni? Ṣé kó gbà á, kó wá sá lọ bí Lọ́kọ́jà bá pè? Ìdáhùn tèmi ni pé kó tọrọ ọjọ́ ní gbangba, kó sì sọ ọjọ́ náà ní pàtó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí tí iṣẹ́ méjì fi ń pàdé báyìí. Asaya, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kabba/Bùnú, ni àgọ́ àwọn àgùnbánirọ̀ ìpínlẹ̀ Kogi wà. Ọ̀sẹ̀ 3 ni wọ́n ń lò níbẹ̀ kí wọ́n tó tú ká lọ síbi iṣẹ́ ìsìnlú. Bí ọdún ìsìnlú bá parí, àwọn tó fẹ́ dúró sí agbègbè wa á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé kiri lẹ́ẹ̀kan náà: ilé ìwé ní Kabba, ọ́fíìsì ìjọba ní Lọ́kọ́jà, ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì ní Obajana. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń pinnu ní ilé ìwé aládàáni, ó sì lè kọ̀wé láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ìwé ìjọba ní láti gba orí tábìlì púpọ̀ kọjá. Torí náà, iṣẹ́ tó kọ́kọ́ dé kì í sábà jẹ́ èyí tí a ń fojú sọ́nà fún.

Ẹ̀rù máa ń ba àwọn ọ̀dọ́ pé bí àwọn bá béèrè ohunkóhun, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Kí ni òfin sọ? Nàìjíríà jogún òfin àdéhùn lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà àwọn ẹjọ́ àtijọ́ wọn ṣì ń tọ́ àwọn agbẹjọ́rò wa sọ́nà. Mẹ́ta ló kàn wá níhìn-ín.

Nínú ẹjọ́ ọdún 1840, Wrench fi oko rẹ̀ lọ Hyde ní £1,000. Hyde ní £950 ni òun yóò san. Wrench kọ̀. Hyde wá yí padà pé òun gbà láti san £1,000 náà. Ilé ẹjọ́ ní ó ti bọ́: bó ṣe dárúkọ iye mìíràn, òun fúnra rẹ̀ ló ti pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ní 1880, nínú ẹjọ́ Stevenson àti McLean, ẹni tó fẹ́ ra irin kàn béèrè bóyá wọ́n lè máa kó o fún òun láàárín oṣù 2. Ilé ẹjọ́ ní ìbéèrè lásán nìyẹn, kò pa ohunkóhun rẹ́. Ẹ̀kẹta ti pẹ́ jù wọ́n lọ. Ní 1828, Grant fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ Routledge, ó fún un ní ọ̀sẹ̀ 6 láti dáhùn, ó sì yí ọkàn padà kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé. Ilé ẹjọ́ ní ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, nítorí ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ fún un láti dúró.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀? Ẹni tó béèrè ọjọ́ kò tíì kọ iṣẹ́. Ẹni tó ní “bí owó oṣù kò bá tó báyìí, mi ò ṣe” ti kọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan. Bí wọ́n bá sì fún yín lọ́jọ́, ẹ mọ̀ pé oore ni, kì í ṣe ìdè. Wọ́n ṣì lè mú ẹlòmíràn kí ọjọ́ náà tó pé, nítorí náà ẹ má tọrọ ju ohun tí ẹ nílò lọ.

Báwo ni ẹ ó ṣe sọ ọ́? Ohùn rere ní ń yọ obì lápò. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo dúpẹ́ fún ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Ajé. Iṣẹ́ náà wù mí. Èsì kan wà tí mo ń retí níbòmíràn, mi ò sì fẹ́ fọwọ́ síwèé kí n tún wá yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ǹjẹ́ ẹ lè fún mi di ọjọ́ Ọjọ́rú tó ń bọ̀? Bí kò bá rọrùn, ẹ jẹ́ kí n mọ̀, màá fún yín lésì kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá.”

Ẹ wò ó: ọpẹ́ wà níbẹ̀, òtítọ́ wà níbẹ̀, ọjọ́ pàtó wà níbẹ̀, ẹ sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún wọn láti kọ̀. Ní ọjọ́ kan náà, ẹ pe Lọ́kọ́jà. Ẹ ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibòmíràn ti fún mi níṣẹ́, mo sì ní láti dáhùn kó tó di Ọjọ́rú. Ọ̀dọ̀ yín ló wù mí jù. Ǹjẹ́ ẹ mọ ìgbà tí èsì lè jáde?” Ẹ má fi halẹ̀ mọ́ wọn.

Ohun kan tún wà tí a kì í fojú kéré nílẹ̀ wa. Bí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá yín bá ló bá yín sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ àkọ́kọ́, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún. Bó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu yín, ojú á tì í, kò sì ní bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ má sì parọ́ àìsàn láti fi ra ọjọ́. Kabba kò tóbi. Ẹni tí ẹ ní ó wà ní bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lè pàdé ọ̀gá yín lọ́jà.

Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé ìwòsàn ń du àwọn dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Ní 1945, ọjọ́ 10 ni wọ́n ń fún wọn láti dáhùn. Nígbà tó fi di 1949, wọ́n ní wákàtí 12 pàápàá ti pọ̀ jù. Ìkánjú náà kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Ní 1952, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ níbi tí dókítà àti ilé ìwòsàn ti ń kọ ẹni tí wọ́n fẹ́ sílẹ̀, tí èsì gbogbo wọn sì ń jáde lọ́jọ́ kan náà. Àwa kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹnu wa nìkan ló kù. Ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ bá fún olùkọ́ lónìí lè gbà yín lọ́wọ́ kíláàsì tí kò ní olùkọ́ ní àárín táàmù.

Bí Ọjọ́rú bá dé tí Lọ́kọ́jà kò tíì fọhùn ńkọ́? Ẹ yan ọ̀kan. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Bí ẹ bá gba ti Kabba, ẹ gbà á tọkàntọkàn, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí Lọ́kọ́jà. Bí ipò bá wá mú kẹ́ ẹ kúrò lẹ́yìn ìgbà náà, ìwé tí ẹ fọwọ́ sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà. Fún àwọn òṣìṣẹ́ alágbára àti akọ̀wé, abala 11 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí wọ́n fi ọjọ́ 1 ṣe ìkìlọ̀ bí wọn kò bá tíì ju oṣù 3 lọ, ọ̀sẹ̀ 1 bí wọn kò bá tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 bí wọn kò bá tíì pé ọdún 5, àti oṣù 1 láti ọdún 5 lọ sókè. Ìkìlọ̀ tó bá tó ọ̀sẹ̀ kan gbọ́dọ̀ jẹ́ kíkọ sílẹ̀.

Lákòótán, ẹnì kan wà tí a kì í rí: ẹni kejì lórí àkọsílẹ̀ wọn, tó ń wo fóònù rẹ̀ lójoojúmọ́. Gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá fi dákẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti pinnu, òun ni ẹ ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ ò ní lọ, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.