Èdè Àkọ́kọ́ àti Èdè Kejì

Ọ̀rọ̀ èdè ni a fẹ́ sọ lónìí.

Èdè tí ọmọ gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ láti kékeré ni èdè àkọ́kọ́ rẹ̀. Èyí tí ó kọ́ lẹ́yìn náà ni èdè kejì. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ Ṣábẹ, Faransé, èdè ìjọba Bẹ̀nẹ̀, ni èdè kejì. Ilé ìwé ni wọ́n ti ń bá a pàdé.

Èdè àkọ́kọ́ a máa bá wa wọ inú èdè kejì. Ẹ wò ó: àwa ń sọ pé "ó lọ", ìbáà ṣe bàbá, ìbáà ṣe ìyá. Ṣùgbọ́n Faransé ní "il" fún ọkùnrin, ó ní "elle" fún obìnrin. Bí ọmọ bá pe ìyá rẹ̀ ní "il", kì í ṣe òmùgọ̀. Ìlànà èdè ilé ni ó ń tẹ̀ lé. Òyìnbó Faransé tó ń kọ́ èdè wa náà lè ṣi ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ pè, nítorí pé èdè tirẹ̀ kì í fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì nà án. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ, kí ó gbọ́, kí ó sì tún un sọ.

Ẹ má sì pa èdè wa tì nítorí Faransé. Ẹni tó mọ ìwé kà ní èdè rẹ̀ ti mọ bí a ṣe ń fi lẹ́tà kọ ohun tí ẹnu ń sọ. Ìmọ̀ yìí yóò ràn án lọ́wọ́ nínú èdè kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.