Ọkọ̀ Akẹ́rù Tòkunbọ̀: Ẹ Wo Abẹ́ Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹni tí ó bá dúró lábẹ́ afárá Mọlété ní òwúrọ̀ kùtù yóò rí bí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kéékèèké, èyí tí gbogbo wa ń pè ní píkọ́ọ̀pù, ti ń kọjá lọ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Òmíràn ru iṣu, òmíràn ru àpò gàrí, òmíràn ru símẹ́ńtì àti pákó, òmíràn sì ru àgbò pẹ̀lú ọlọ́jà tí ó jókòó tì wọ́n. Wọn a gba Bódè, wọn a gba Ìdí-Arẹ́rẹ́, wọn a sì forí lé Ọjà'ba, níbi tí ọ̀nà ti há tí òkè Màpó sì ń wo gbogbo wọn láti òkè. Bí a bá gbé ọkọ̀ wọ̀nyí kúrò nílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta péré, ìdáná púpọ̀ ní Ìbàdàn ni iná kò ní í jó nínú wọn.

Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe tuntun. Tòkunbọ̀ ni wọ́n. Àwa náà ni a mú orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun, tí a fi sọ ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Orúkọ náà sì wuyì tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń mú wa gbàgbé pé ẹni tí ó ti òkun bọ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Ìtàn náà ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé owó tí a fi ń ra ọkọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe owó eré. Owó àjọ ọdún mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ni. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni, tí ọ̀rẹ́ méjì ti fọwọ́ sí ìwé pé bí ẹni tí ó yá a kò bá san án, àwọn yóò san án. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, tí owó náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti wọ́n kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń ra èyí tí ó gbó sí i pẹ̀lú owó tí ó pọ̀ sí i.

Ibo ni ọkọ̀ wọ̀nyí ti ń bọ̀? Ní 2020, ẹ̀ka ètò àyíká ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde, ó sì sọ níbẹ̀ pé mílíọ̀nù mẹ́rìnlá ọkọ̀ àlòkù ni Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ mìíràn láàárín 2015 sí 2018. Ilẹ̀ Áfíríkà ni púpọ̀ nínú wọn gúnlẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù tí ó dé ọ̀dọ̀ wa láti Amẹ́ríkà ni ó sì ti ṣe iṣẹ́ kan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí ní Mọlété: iṣẹ́ kíkó òjò dídì.

Ní ìpínlẹ̀ bíi Michigan, Ohio, New York àti Massachusetts, àti ní Ontario ní ilẹ̀ Kánádà, òjò dídì a máa bọ́ nígbà òtútù, ìgbà mìíràn a sì bo ilẹ̀ dé orúnkún. Onílé kò lè gbé ọkọ̀ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dé títì àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ kó o kúrò. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń ra píkọ́ọ̀pù, tí wọ́n ń de abẹ irin fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan mọ́ ọn níwájú, tí wọ́n sì ń fi í ti òjò dídì náà sí ẹ̀gbẹ́ kan gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a ń fi ṣọ́bìrì wọ́ ẹrẹ̀ kúrò lójú gọ́tà. Ọkọ̀ yóò lọ síwájú, yóò padà sẹ́yìn, yóò tún lọ síwájú, títí ọ̀nà yóò fi mọ́. Bí ó bá kúrò ní ilé kan, a tún wọ òmíràn kí ilẹ̀ tó mọ́.

Iṣẹ́ yìí nìkan kì bá tí burú tó bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ti iyọ̀. Iyọ̀ kì í jẹ́ kí omi tètè dì, nítorí náà ni wọ́n fi ń fọ́n ọn sójú títì ní ọ̀kẹ́ àìmọye àpò lọ́dọọdún, kí táyà má baà yọ̀. Ohun tí ó ń gba ẹ̀mí ènìyàn là yìí kan náà ni ó ń jẹ irin. Ẹ fi ọ̀bẹ irin gé ẹja oníyọ̀, kí ẹ gbé e sílẹ̀ láìfọ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ ó rí ohun tí mo ń wí. Omi iyọ̀ ń ta sí abẹ́ ọkọ̀, ó ń wọ inú ihò irin, ó ń bá ẹrẹ̀ dì síbẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá sì dé ilẹ̀ wa tí ọ̀rinrin pọ̀, iyọ̀ tí ó kù nínú rẹ̀ yóò máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ìpẹtà yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láìsí òtútù rárá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọkọ̀ tí kò lórúkọ nìkan ni èyí ń ṣe. Toyota tí gbogbo wa ń fi búra, òun pàápàá ni ó gbà ní 2016 láti yanjú ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà lórí ṣáásì tí ń dípẹtà lábẹ́ Tacoma, Tundra àti Sequoia. Ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn, iye owó rẹ̀ sì lè tó bílíọ̀nù mẹ́ta àti mílíọ̀nù irínwó dọ́là. Tacoma ti 2005 sí 2010 àti Tundra ti 2007 àti 2008 wà nínú wọn. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà tí ọkọ̀ wọ̀nyí ń gbà kiri yóò mọ̀ pé a lè bá irú wọn pàdé ní ìlú wa lónìí.

Ní ìgbà ayé àwọn baba wa, nígbà tí bọ̀lẹ̀kájà ń ná ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó, tí àwọn oníṣòwò bíi olóògbé Sàlámì Àgbàjẹ́, ẹni tí ó kú ní 1953, ń fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣòwò, ẹ́ńjìnnì àti ṣáásì lásán ni ó sábà máa ń ti òkun dé. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ni wọ́n ń fi pákó kan ara àti òrùlé sí i, tí akunọ̀dà sì ń kọ òwe sí iwájú rẹ̀. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ nígbà náà ti rí egungun rẹ̀ kí ó tó rí aṣọ rẹ̀. Lónìí, aṣọ ni ó kọ́kọ́ ń bọ́ sí wa lójú. Ọlọ́jà a ti fọ ọkọ̀, a ti kùn ún, a ti fi òróró pa táyà títí yóò fi máa dán. Yóò ní, “Alhaja, ẹ gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe dákẹ́ bí ẹni tí ń sùn. Ẹ wo inú rẹ̀, kò sí ibi tí ó ya. Ọmọ yín ni mo jẹ́, n kò lè tan yín jẹ.” Gbogbo ohun tí ó sọ lè jẹ́ òótọ́, kí ọkọ̀ náà sì dà bí èso ọ̀pọ̀tọ́ tí òde rẹ̀ ń dán tí inú rẹ̀ kún fún kòkòrò. Ó yà mí lẹ́nu pé àwa tí a kì í ra àgbò iléyá láìjẹ́ pé a ya ẹnu rẹ̀ wo eyín, tí a sì fi ọwọ́ tẹ ìbàdí rẹ̀, a lè san mílíọ̀nù lórí ọkọ̀ tí a kò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀.

Ohun tí a ń wá lábẹ́ náà kò ṣòro láti mọ̀. Ṣáásì ni irin gbọọrọ méjì tí ó ti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, tí irin ìdábùú so pọ̀ bí àkàbà tí a tẹ́ sílẹ̀. Orí rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì, ilé awakọ̀ àti gbogbo ẹrù jókòó lé. Ibi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn ni ìpẹtà sábà máa ń ṣe lọ́ṣẹ́ jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ oníyọ̀ ń dì sí. Kí atọ́kọ̀ṣe fi òòlù kékeré lù ú láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tí ó yè yóò dún gbangba bí agogo. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ yóò dún bí ìgbà tí a lu àpò gàrí. Kí ó mú sikúrúdíráfà, kí ó fi ẹnu rẹ̀ gún ibi tí ó bá fura sí. Bí ó bá wọlé, kí ẹ gbọn eruku aṣọ yín nù, kí ẹ sì kí ọlọ́jà pé ó dàbọ̀. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fún abẹ́ tí ó dúdú mìnìjọ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ ṣì tutù. Kò sí ẹni tí ń kun abẹ́ ọkọ̀ láìnídìí.

Lẹ́yìn ṣáásì, ẹ tọ páìpù bíréèkì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tín-ín-rín ni, omi bíréèkì ni ó sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́, ọjọ́ tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì le jù ni yóò bẹ́. Ẹ jẹ́ kí a ro ọkọ̀ kan tí ó ru iṣu, tí ó ń ti òkè Màpó sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ sí Ọjà'ba, tí àwọn ìyá aláta pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ títì méjèèjì. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ náà lè má sí nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà rárá.

Bí ọkọ̀ bá ti kó òjò dídì rí, ó ní àpá tí ó máa ń fi sílẹ̀. Ẹ wo iwájú ṣáásì fún ihò bóòtù ńláńlá tí kò so nǹkan kan mọ́ ibẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn gíríìlì fún wáyà tí wọ́n gé. Ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù fún ihò òfìfo níbi tí ohun tí wọ́n fi ń darí abẹ irin náà ti wà. Abẹ náà lè wọ̀n ju igba kílógíráàmù lọ, iwájú ni gbogbo rẹ̀ sì ń fì sí, nítorí náà ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń rẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Jíà rẹ̀ náà ti jìyà iwájú àti ẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ jíà aládàáṣe, ẹ fà á sí iwájú àti sí ẹ̀yìn ní ìgbà mélòó kan. Bí ó bá ń lọ́ra kí ó tó mú, tàbí tí ó ń gbá gìdì, ẹ ní kí wọ́n fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn òróró rẹ̀ yọ bí ó bá ní in. Òróró pupa ni a fẹ́. Èyí tí ó dúdú tí ó sì ń rùn bí ohun tí ó jóná kò dára.

Kò yẹ kí a dá gbogbo ọkọ̀ Amẹ́ríkà lẹ́bi. Florida àti gúúsù Texas kò mọ òjò dídì bí ẹni mọ owó, ọkọ̀ ibẹ̀ sì sábà máa ń mọ́ lábẹ́. Ìgbà mìíràn, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ibi tí ó ti wá: àmì àyẹ̀wò ìjọba ìpínlẹ̀ tí ó ṣì lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú, tàbí orúkọ ilé ìtajà àti ìlú rẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Àwọn ọlọ́jà kan a máa họ ọ́ kúrò. Ibi tí wọ́n họ náà, ẹ béèrè ohun tí ó wà níbẹ̀.

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ sì wà, tí ó jẹ́ mẹ́tàdínlógún lórí ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1981. Ẹ ó rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú níhà òsì. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà. 2 ni Kánádà, 3 ni Mexico, J ni Japan. Èyí ìkẹwàá ni ó ń sọ ọdún rẹ̀: 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé 2012 ni ọkọ̀ rẹ̀, tí ó sì rí 8 níbẹ̀, ti mọ ohun tí yóò sọ. NHTSA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń mójú tó ààbò ọkọ̀, a tún máa gba nọ́ńbà yìí lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sì sọ bí àtúnṣe kan bá wà tí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà pè é padà fún tí wọn kò tíì ṣe.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò ní kò sí irin tí wẹ́dà Ìbàdàn kò lè jó mọ́ra. Èmi náà bọ̀wọ̀ fún wẹ́dà wa. Ṣùgbọ́n irin tuntun tí a jó mọ́ irin tí ó ti jẹrà kò ní ibi tí yóò dì mú. Ìpẹtà yóò gba ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tí a jó náà tẹ̀ síwájú, ẹrù yóò sì ṣẹ́ ẹ níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ni kí ẹ jẹ́ kí wẹ́dà tún ṣe, kì í ṣe ṣáásì tí ó ti di abala.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń kó òjò dídì, bíi Ford F-250, sábà máa ń ní ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ tí ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ẹni tí ń ru ata láti Mọlété sí Ọjà'ba kò nílò rẹ̀, iye tí epo jẹ́ lónìí kò sì gba àṣehàn.

Ohun kan kù tí ó wà lọ́wọ́ ìjọba àti ẹgbẹ́ àwọn tí ń ta ọkọ̀. Láti Mọlété dé Challenge, ibi tí a ti ń pàtẹ ọkọ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n kòtò tí ènìyàn lè wọ̀ láti wo abẹ́ ọkọ̀ ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Kòtò oníkankéré kan kò tó iye èrè orí ọkọ̀ kan. Kí ẹgbẹ́ náà gbẹ́ ẹ, kí àwọn V.I.O. sì sọ ọ́ di dandan fún ibi ìpàtẹ kọ̀ọ̀kan. Títí wọn yóò fi ṣe é, kí olùrà mú ọkọ̀ lọ sí ọgbà àwọn atọ́kọ̀ṣe tí ó ní kòtò. Ọlọ́jà tí ó bá kọ̀ kí ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè náà. Kí atọ́kọ̀ṣe tí ẹ mú lọ jẹ́ ẹni tí ẹ̀yin fúnra yín mú wá, kì í ṣe èyí tí ọlọ́jà júwe, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un kí ó tó wọ abẹ́ ọkọ̀, bóyá ẹ ó rà á tàbí ẹ kò ní í rà á.