Bí A Ṣe Ṣètò Ìsinmi ní Barbados Láì Fi Màmá Àgbà Sílé



Ní ọdún tó kọjá, Dádì, Mọ́mì, àbúrò mi ọkùnrin àti èmi lọ sí etí òkun ní Spéìnì fún ọ̀sẹ̀ kan. Màmá Àgbà ò bá wa lọ. Pásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà ni wọ́n ní, físà wọn ò sì jáde kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó pé. Wọ́n ní, "Ẹ máa lọ, èmi á ṣọ́ ilé." Nígbà tí a padà dé, mo rí báàgì wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ti di í kí a tó lọ, wọn ò sì tíì tú u. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún Dádì pé èmi náà máa bá wọn ṣètò èyí tó ń bọ̀. Bí a ṣe ṣe é nìyí. Bóyá ó lè wúlò fún ilé tiyín náà.

Ta ló ń lọ?

Àṣìṣe wa ni pé àwòrán etí òkun la kọ́kọ́ wò, ẹ̀yìn ìgbà tí a ti sanwó la wá ń wá físà. Lọ́tẹ̀ yìí, a kó pásípọ́ọ̀tì gbogbo wa sórí tábìlì, a wá wá ibi tí gbogbo wọn lè wọ̀. Bí a ṣe rí Barbados nìyẹn. Erékùṣù ni, ó wà ní Kàríbíánì. Ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tì UK ò nílò físà láti lọ ṣèbẹ̀wò síbẹ̀, ẹni tó ní ti Nàìjíríà náà ò sì nílò ẹ̀. Bàálù wà tó ń lọ tààrà láti Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan bíi wákàtí 9. Nítorí náà, a ò ní yà sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó lè béèrè físà lọ́wọ́ Màmá Àgbà.

Dádì ní òfin físà lè yí padà, torí náà kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ́kọ́ wo ìkànnì ìjọba. Ẹ tún wo ọjọ́ tí pásípọ́ọ̀tì máa parí, kí ẹ sì rí i pé ìwé tí àgbàlagbà yín fi ń gbé ní UK ṣì dára. Lílọ nìkan kọ́, ẹ máa padà wálé.

Ìgbà wo?

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Barbados máa ń wà láti oṣù Kejìlá sí oṣù Karùn-ún. Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kọkànlá, òjò máa ń pọ̀, ìjì ńlá tí wọ́n ń pè ní hurricane sì lè wá. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Hurricane Beryl kọjá nítòsí ibẹ̀, ó sì ba ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi àwọn apẹja jẹ́.

Oṣù Kẹjọ ni ìsinmi ilé ìwé wa gùn jù, ṣùgbọ́n inú àsìkò ìjì ló bọ́ sí. A ò sì lè lọ nígbà tí ilé ìwé ń lọ lọ́wọ́, torí wọ́n lè ní kí Mọ́mì àti Dádì san owó ìtanràn. Ìsinmi Àjíǹde ló kù, nínú oṣù Kẹrin. Owó bàálù máa ń wọ́n nígbà náà. Nítorí náà, Mọ́mì tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì yan ilé kékeré tó ní kíṣíìnì, kí a má baà máa ra oúnjẹ níta lójoojúmọ́.

Apá òkun wo?

Barbados ò tóbi. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 34, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 23. Ṣùgbọ́n òkun rẹ̀ ò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní apá ìwọ̀-oòrùn, omi máa ń rọra, ó sì dára fún lílúwẹ̀ẹ́. Ní apá ìlà-oòrùn, bíi Bathsheba, ìgbì Àtìláńtíìkì máa ń ga, ó sì léwu láti lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀.

Èkó ni Màmá Àgbà ti dàgbà, wọ́n sì mọ ìgbì yẹn dáadáa, torí òkun kan náà ló ń lu etí Èkó. Wọ́n ní, "Òkun kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bá ṣeré." Ìdí nìyẹn tí a fi yan ìwọ̀-oòrùn, níbi tí wọ́n ti lè rìn wọ omi dé orúnkún láìbẹ̀rù. Tí ẹ bá rí àsíá pupa, ẹ má wọ omi rárá. Tí omi bá sì ń fà yín lọ, ẹ má bá a jà. Ẹ lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ títí tí ẹ máa fi jáde nínú ibi tó ń fà, tàbí kí ẹ na ọwọ́ sókè, kí ẹ pariwo.

Kí la máa dì?

Àbúrò mi fẹ́ mú ṣòkòtò rẹ̀ tó dà bíi ti ṣọ́jà. Kò ṣeé ṣe! Òfin Barbados ni pé ẹni tí kì í ṣe ṣọ́jà ò gbọdọ̀ wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀, ọmọdé náà ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ó sunkún, ṣùgbọ́n ó yọ ọ́ kúrò nínú báàgì.

Dádì ní oòrùn kì í jó aláwọ̀ dúdú. Ẹ má bínú o, Dádì, ó máa ń jó wa. Àwọ̀ wa ń dáàbò bò wá díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. A máa mú ìpara oòrùn, fìlà àti ọ̀pọ̀ omi.

Igi kan tún wà ní etí òkun tí wọ́n ń pè ní manchineel. Èso rẹ̀ dà bí ápù kékeré tútù, ṣùgbọ́n májèlé ni. Oje rẹ̀ ń jó ara, nítorí náà, ẹ má sá sábẹ́ rẹ̀ tí òjò bá ń rọ̀.

Kí la máa ṣe?

Mo kọ nǹkan 14 sílẹ̀. Mọ́mì wò ó, wọ́n ní, "Ṣé ìsinmi nìyí àbí iṣẹ́?" A wá fẹnu kò pé ohun kan péré lójúmọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́, oorun ni, torí ní oṣù Kẹrin, tí aago méjìlá ọ̀sán bá lù ní Lọ́ńdọ̀nù, aago méje àárọ̀ ni níbẹ̀. Ọjọ́ kan, a máa lọ wo ihò àpáta Harrison's Cave. Alẹ́ Jímọ̀, a máa jẹ ẹja yíyan ní Oistins. Àwọn ọjọ́ yòókù, etí òkun ni, ọ̀fẹ́ sì ni, torí gbogbo èèyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí etí òkun níbẹ̀.

Oúnjẹ wọn kan wà tí wọ́n ń pè ní cou-cou. Ìyẹ̀fun àgbàdo àti ilá ni wọ́n fi ń rò ó, igi pẹlẹbẹ ni wọ́n sì fi ń rò ó. Mo fi àwòrán rẹ̀ han Màmá Àgbà, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Orógùn mi nìyẹn!" Mo ṣàlàyé fún wọn pé ọ̀pọ̀ àwọn ará Barbados jẹ́ àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Màmá Àgbà dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Nígbà náà, ilé ẹbí la fẹ́ lọ."

Ní Sátidé tó kọjá, mo tún rí báàgì wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ṣì ku oṣù méjì gbáko. Mo ní, "Màmá, ó ti yá jù." Wọ́n ní kí n fi í síbẹ̀. Mo fi í síbẹ̀.