Ìlú Ayétòrò àti Ọkọ̀ Àwọn Apẹja Rẹ̀

Omi odò Ògùn tí ń ṣàn lábẹ́ afárá Láfẹ́nwá kì í dúró ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. A máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ọ̀sà ní Èkó, a sì bọ́ sínú òkun. Ẹni tí ó bá tọ etí òkun náà lọ sí ìhà ìlà-oòrùn yóò dé ilẹ̀ Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, níbi tí ìlú Ayétòrò wà. Ìlú yìí ni òkun ń jẹ díẹ̀díẹ̀.

Ní ọdún 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ kan, tí a ń pè ní Àpọ́sítélì Mímọ́, tẹ ibẹ̀ dó lẹ́yìn inúnibíni. Ẹrẹ̀ ni wọ́n bá. Wọ́n ri òpó mọ́ ọn, wọ́n sì kọ́ ilé pákó lé e lórí. Àpò kan ṣoṣo ni èrè gbogbo wọn ń wọ̀. Láti inú rẹ̀ ni a ti ń bọ́ tọmọdé tàgbà. Wọ́n hun aṣọ, wọ́n ṣe ọṣẹ, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò tíì ní i.

Lórí ọkọ̀ ni ọrọ̀ náà dúró. Igi kan ṣoṣo ni àwọn baba ńlá fi ń ṣe ọkọ̀: wọn a fi àáké gbẹ́ inú rẹ̀, wọn a sì fi iná yá a kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè là. Irú èyí tó fún ọ̀sà, ṣùgbọ́n ìgbì òkun lágbára jù ú lọ. Nítorí náà àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Ayétòrò kan ọkọ̀ onípákó ńláńlá, wọ́n sì fi ẹ́ńjìnì sí wọn.

Nígbà tí ó yá, àjùmọ̀ní náà tú, olúkúlùkù sì ń wá tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni omi dé. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé, ilé ìsìn, ilé ẹ̀kọ́ àti ibojì ni ó ti gbé lọ. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ kò ga. Àwọn kòtò jíjìn abẹ́ òkun a máa gba yanrìn tí ì bá dáàbò bo etíkun. Òkun pàápàá sì ń ga sí i bí ayé ti ń gbóná. Ní ọdún 2004 a gbé iṣẹ́ ìdènà omi fún agbaṣẹ́ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún kọjá láìsí ìdènà kankan. Apẹja tí kò ní èbúté mọ́ kò ní ibi tí yóò fa ọkọ̀ sí kí ó tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ ni aya rẹ̀ kò ní ibi tí yóò yan ẹja. Àwọn ọ̀dọ́ sì ń ṣí lọ.

Kí àgbẹ̀ etí odò Ògùn fi èyí kọ́gbọ́n. Kí ó má ṣe ro oko dé ẹnu omi; kí ó fi igi àti koríko bèbè sílẹ̀, nítorí gbòǹgbò wọn ni ó di ilẹ̀ mú. Kí ará ilé má ṣe da pàǹtí sínú odò. Bí àkúnya omi bá sì dé, kí a se omi mímu kí ó hó dáadáa. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.