Ooru ló ń jẹ èrè oníyìnyín ní Ìjẹ̀bú-Òde

Bí ọdún Iléyá bá ti wọlé, tí ìlú Ìjẹ̀bú-Òde sì ń múra Ojúde Ọba tó máa ń wáyé lọ́jọ́ kẹta ọdún náà, yìnyín a di ọjà pàtàkì. Àwọn régbérégbé á gbàlejò, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbé ẹlẹ́rìndòdò gbígbóná síwájú àlejò. Àmọ́ obìnrin tó ra yìnyín láàárọ̀ láti tà kò lè fi falẹ̀. Èyí tó bá yọ́ kí oníbàárà tó dé, inú gọ́tà ló ń ṣàn lọ, owó rẹ̀ a sì bá a lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé oòrùn ló ń yọ́ yìnyín. Bẹ́ẹ̀, yìnyín ń yọ́ lábẹ́ ibòji, kódà ó ń yọ́ lóru. Ooru kì í jókòó síbì kan. Láti ara ohun tó gbóná ló ti ń lọ sára èyí tó tutù. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ kọjá, ilẹ̀ tí wọ́n gbé e kà, ọwọ́ tó dì í mú, gbogbo wọn ló ń fún un ní ooru. Tí ara rẹ̀ bá ti dé òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, ooru yòówù tó bá tún wọlé, yíyọ́ ló máa fi ṣe.

Síbẹ̀, yìnyín kì í yọ́ wẹ́rẹ́. Ooru tó máa sọ kìlò yìnyín kan di omi tó èyí tó máa gbé kìlò omi kan láti òdo dé nǹkan bí 80, omi tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ ti ọwọ́ bọ̀. Ẹni tó bá dí ọ̀nà mọ́ ooru yóò pẹ́ kó tó pàdánù.

Àwọn kan ní bí wọ́n bá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo yìnyín, yóò gbóná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bùláńkẹ́ẹ̀tì kì í dá ooru sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ooru tètè kọjá. Lára èèyàn, ó ń dá ooru dúró sínú. Lára yìnyín, ó ń dá a dúró síta. Iṣẹ́ kan náà ni àpò ìdọ̀họ, kúlà àti èérún pákó ń ṣe.

Lọ́dún 1833, tí kò tíì sí fírísà, Frederic Tudor, oníṣòwò ará Boston ní Amẹ́ríkà, kó 180 tọ́ọ̀nù yìnyín sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Calcutta ní Íńdíà. Nǹkan bí oṣù mẹ́rin ni wọ́n lò lójú òkun, nǹkan bí 100 tọ́ọ̀nù ló sì gúnlẹ̀. Èérún pákó ni wọ́n sábà fi ń dáàbò bo yìnyín nínú òwò náà.

Èérún pákó kò ṣòroó rí níbi tí wọ́n bá ti ń la gẹdú. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ gbẹ, torí bó bá ti mu omi, ooru á máa gbà á kọjá. Orí igi ló yẹ kí yìnyín wà, kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Kí wọ́n má sì fọ́ ọ títí oníbàárà yóò fi dé, nítorí wẹ́wẹ́ ló ń tètè yọ́ ju odindi lọ. Ẹlẹ́rìndòdò tó ti wà lóòrùn, kó kọ́kọ́ sinmi ní ibòji kó tó wọ kúlà.

Ti iyọ̀ ló máa ń da èèyàn láàmú. Iyọ̀ a máa mú yìnyín yọ́ kíákíá, ṣùgbọ́n àdàpọ̀ àwọn méjèèjì a tutù ju òdo lọ. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ kí ohun mímu tètè tutù. Kò dára fún ẹni tó ń gbé ẹja tútù bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, tó fẹ́ kí yìnyín òun bá òun dé Ìjẹ̀bú-Òde.